Ilẹ̀ Tirélà Tí Kì Í Yọ̀: Ẹ̀bẹ̀ sí Gbogbo Ará Barking àti Dagenham

Ẹ̀yin ará Barking àti Dagenham, ọmọ Oòduà tí ẹ ti sọ etí odò Thames di ilé, ọmọ káàárọ̀-oò-jíire tí ẹ kò fi ojú ọ̀lẹ wo iṣẹ́ rí, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé pẹlẹbẹ yìí lè kéré lójú ẹni tí kò fi tirélà jẹun. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó bá ti dúró rí ní River Road tàbí ní Choats Road ní ìrọ̀lẹ́ oṣù Kọkànlá, nígbà tí òjò ń ṣẹ̀ wẹ́líwẹ́lí tí ilẹ̀ sì ti ṣú kí aago márùn-ún tó lù, tí ó sì rí ọkùnrin kan tí ń wa mọ́tò gun orí tirélà láìní ìmọ́lẹ̀ kankan ju ti fóònù ọwọ́ ẹnìkejì rẹ̀ lọ, yóò gbà pé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí tirélà kankan tí a fi ń kó mọ́tò fún owó, tàbí tí a ń yá àwọn ènìyàn fún owó, má ṣe ṣiṣẹ́ ní àgbègbè wa mọ́ àfi bí a bá ti dán ilẹ̀ rẹ̀ wò pẹ̀lú omi àti ọ́ìlì, tí ó sì dájú pé kò yọ̀.

Mọ́tò ni ayé fi mọ Dagenham. Láti ọdún 1931 tí iléeṣẹ́ Ford ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ọkọ̀ létí odò níbẹ̀, títí di oṣù Kejì ọdún 2002 tí mọ́tò ìkẹyìn fi jáde, irin àti ọ́ìlì ni ọ̀pọ̀ ìdílé fi gbọ́ bùkátà. Ògún Lákáayé kò sì tìtorí èyí kó ẹrù rẹ̀ kúrò láàrin wa. Àwọn ọmọ wa ni wọ́n ń lọ ra ọkọ̀ àlòkù níbi tí a ti ń lù wọ́n ní gbàǹjo, tí wọ́n ń gbé wọn sórí tirélà, tí wọ́n ń bá ọ̀nà A13 lọ sí èbúté Tilbury, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gbà wọ́n lọ sí Èkó láti di tòkunbọ̀. Iṣẹ́ tí ó níyì ni. Ṣùgbọ́n mọ́tò tí a rà ní gbàǹjo kì í sábàá jẹ́ èyí tí ara rẹ̀ le: òmíràn ti kú ẹ́ńjìnnì, òmíràn ń jo ọ́ìlì láti ìdí gíá, òmíràn ń da omi rédíétọ̀ sílẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà; orí ilẹ̀ tirélà ni gbogbo rẹ̀ sì ń kán sí.

Láti ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 2021 ni ìjọba ti yọ̀ǹda pé ẹni tí ó gba ìwé ìwakọ̀ láti ọdún 1997 lè fa tirélà tí ìwọ̀n rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù tó 3,500 kílò láìṣe ìdánwò mìíràn. N kò bínú sí òfin náà, nítorí ó ti ṣí ilẹ̀kùn iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ nínú wa. Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni pé tirélà kéékèèké wọ̀nyí kò ní àyẹ̀wò ọdọọdún bí mọ́tò tí ń fà wọ́n ti ní MOT, nítorí náà ẹni tuntun sẹ́nu iṣẹ́ lè yá ohun èlò àtijọ́, kí ó sì má sí ẹlẹ́rìí kankan láàrin wọn tí yóò sọ pé ilẹ̀ yìí ti dán jù.

Ẹ jẹ́ kí a sún mọ́ ibi tí ewu wà gan-an. Nígbà tí a bá ń yan ilẹ̀ tirélà, táyà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rò: ṣé táyà yóò rí nǹkan dì mú bí mọ́tò bá ń gòkè? Ṣùgbọ́n winch ń bẹ tí ń fa mọ́tò, bẹ́líìtì sì ń bẹ tí a fi ń dè é mọ́lẹ̀. Ènìyàn tí ń ṣiṣẹ́ náà ni kò ní bẹ́líìtì. Bí ó bá ti wà á gòkè tán, ilẹ̀kùn kì í lè ṣí délẹ̀ nítorí irin tí ó bo táyà tirélà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Yóò fi ẹ̀gbẹ́ jáde, ẹsẹ̀ ọ̀tún yóò máa wá ilẹ̀ láìjẹ́ pé ojú rí i, yóò sì bọ́ sí ojú ọ̀nà tóóró tí ó wà láàrin mọ́tò àti etí tirélà, níbi tí omi tí táyà gbé wá àti ọ́ìlì tí ń kán ti pàdé. Lẹ́yìn èyí ni yóò wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti fún bẹ́líìtì, tí yóò fi gbogbo agbára fa ọwọ́ irin rẹ̀ sẹ́yìn. Bí ẹsẹ̀ bá yọ̀ ní ìṣẹ́jú yẹn, agbára òun fúnra rẹ̀ ni yóò gbé e ṣubú, ẹ̀yìn orí ni yóò sì kọ́kọ́ kan irin kí ara tó kan ilẹ̀.

Irin pẹlẹbẹ oníkókó tí wọ́n ń pè ní chequer plate ni ó wọ́pọ̀ jù lórí tirélà wa, òun náà ni ó sì ń tan ènìyàn jẹ jù. Ojú ń rí kókó, ọkàn sì ń balẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi àtàńpàkò ra orí kókó náà lórí tirélà tí ó ti ṣiṣẹ́ pẹ́, ẹ óò rí i pé ó ti dán, ó ti jọ̀lọ̀, nítorí pé orí kókó ni gbogbo táyà àti gbogbo bàtà ń gùn láti ọdún dé ọdún. Bàtà kì í wọ inú àlàfo tí ó wà láàrin kókó méjì. Orí kókó ni ó ń tẹ̀, bí ọ́ìlì bá sì ti bo orí náà, ọ̀ṣọ́ lásán ni kókó di. Ohun tí ń di ẹsẹ̀ mú ni àwọn ṣóńṣó wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè kà, tí wọ́n gbọ́dọ̀ gún omi tàbí ọ́ìlì já kí wọ́n tó kan àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà. Àjọ HSE, tí ìjọba fi ṣọ́ ààbò lẹ́nu iṣẹ́, fi yé wa pé bí omi lásán bá ni ó dà sílẹ̀, ìhunjọ ilẹ̀ náà gbọ́dọ̀ tó 20 nínú ìdá ẹgbẹ̀rún mìlímítà kan. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ó gbọ́dọ̀ tó 70, nítorí ọ́ìlì ki ju omi lọ. Nítorí náà, ilẹ̀ tí ó tó fún òjò kò tó fún mọ́tò tí ń jò, ohun tí ẹni tí ó ra ilẹ̀ nítorí òjò Lọ́ńdọ̀nù nìkan rà kò sì tó ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí ó nílò.

Pákó plywood tí wọ́n fi oje dúdú bò, tí wọ́n sì tẹ àmì àwọ̀n sí lójú, fúyẹ́, ó sì dára nígbà tí ó bá wà ní tuntun. Ṣùgbọ́n àmì náà ń pa rẹ́ ní ojú ipa táyà, bí wọn kò bá sì fi ọ̀dà dí etí pákó àti ihò bóòtù, omi yóò wọ inú rẹ̀ títí ìpele rẹ̀ yóò fi máa ṣí. Rọ́bà kò tọ́ rárá níbi tí ọ́ìlì bá wà: ọ́ìlì ń mú ọ̀pọ̀ rọ́bà wú, omi sì ń sápamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Irin oníhò tí ó dà bí àwọ̀n ni mo fẹ́ràn fún ojú ọ̀nà ẹsẹ̀, nítorí omi kì í dúró lórí rẹ̀, etí ihò rẹ̀ sì ń di bàtà mú. Kìkì pé kí a gbé àwo sábẹ́ ẹ́ńjìnnì tí ń jò, kí ọ́ìlì má baà gba ihò náà lọ sí títì, kí ó sì ti ibẹ̀ wọ odò Roding.

Fún ẹni tí kò lágbára láti pààrọ̀ gbogbo ilẹ̀, ọ̀dà tí a po mọ́ yanrìn líle ni ó bá àpò mu jù. Níbí ni àìsùúrù ti ń ba iṣẹ́ jẹ́. Irin tí a fi síǹkì bò kì í gba ọ̀dà bí ó bá ṣì tuntun. A ní láti kọ́kọ́ fọ ọ̀rá kúrò lára rẹ̀, kí a wá fi oògùn tí àwọn akunlé ń pè ní T-wash pa á lójú títí yóò fi dúdú, ibi tí kò bá sì dúdú ni ibi tí a gbọ́dọ̀ padà sí. Ẹni tí ó bá fo èyí dá, tí ó da ọ̀dà olówó iyebíye lé síǹkì tí ń dán, yóò rí i kí òtútù ọdún kan tó kọjá pé ọ̀dà náà ń ṣí ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. Àìmọ̀-ọ́n gún, àìmọ̀-ọ́n tẹ̀, ní í mú iyán ewùrà lẹ́mọ̀.

Mo tún gbọ́dọ̀ kìlọ̀ nípa R9. Àwọn òǹtajà a máa kọ ọ́ sára ẹrù wọn, ẹni tí ń rà á a sì rò pé mẹ́sàn-án nínú mẹ́tàlá ni, pé ó ti kọjá ìdajì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdánwò àwọn ará Jámánì ni, níbi tí ènìyàn ti ń rìn lórí pátákó tí a da ọ́ìlì sí, tí a sì ń gbé pátákó náà ga díẹ̀díẹ̀ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi fẹ́ yọ̀; R9 ni ìsàlẹ̀ pátápátá, R13 ni òkè, ilẹ̀ tí ó bá sì gba R9 ti ń tú ẹsẹ̀ sílẹ̀ kí pátákó tó dàgẹ̀rẹ̀ ju dígírì 10 lọ. R12 ni kí ẹ máa béèrè. Bí ẹ bá sì rí ẹni tí ó ní ẹ̀rọ tí ń fì rọ́bà kọjá lórí ilẹ̀ tútù, èyí tí HSE fúnra rẹ̀ gbẹ́kẹ̀ lé, 36 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni kí ẹ gbà; 24 sílẹ̀, ewu ńlá ni.

Àwọn kan yóò wí pé kí òṣìṣẹ́ ṣáà máa ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Yíyọ̀ àti kíkọsẹ̀ ni ó ń fa nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ìpalára tí àwọn agbanisíṣẹ́ ń fi tó HSE létí lọ́dọọdún, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé gbogbo àwọn wọ̀nyí ni kò ní ojú. Àwọn mìíràn yóò ní owó kò sí. Mo mọ̀ pé owó kò sí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí ń ṣe é fún ara wọn, òfin kò sì ní kí ẹnikẹ́ni san owó àìsàn fún wọn, ọjọ́ tí ọrùn ẹsẹ̀ bá ṣẹ́ ni owó ilé, owó oúnjẹ àti owó ìwé ọmọ dúró.

Kì í ṣe òfin tuntun ni mo ń wá ní pàtàkì. Òfin ààbò lẹ́nu iṣẹ́ ti ọdún 1974 ti di ẹrù lé ẹni tí ń yáni ní ohun èlò iṣẹ́, pé kí ó rí i pé kò léwu. Òfin iṣẹ́ orí òkè ti ọdún 2005 kò sì sọ pé ó di ibi tí ó ga bí òrùlé kí ìṣubú tó jẹ́ ìṣubú. Ohun tí ó kù ni kí òfin wọ̀nyí dé River Road. Àgbègbè yìí sì mọ bí a ti ń ṣe é: ní ọdún 1968, àwọn obìnrin 187 tí ń rán ìjókòó mọ́tò ní Ford da iṣẹ́ sílẹ̀, wọn kò gbà kí ẹnikẹ́ni sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ ìránṣọ ti kéré jù, ọ̀rọ̀ wọn ni ó sì bí òfin owó-iṣẹ́ ọgbọọgba ti ọdún 1970.

Nítorí náà ni mo fi ń bẹ káńsù pé, nígbà tí ó bá ń gbé iṣẹ́ kíkó mọ́tò tí a pa tì fún agbaṣẹ́ṣe, kí ó kọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tirélà sínú ìwé àdéhùn; mo ń bẹ Barking & Dagenham College, tí ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa ní iṣẹ́ mẹkáníìkì, pé kí ó fi ẹ̀kọ́ gbígbé mọ́tò lé tirélà kún un; mo sì ń bẹ àwọn pásítọ̀, àwọn ààfáà àti àwọn olórí ẹgbẹ́ ìlú wa, nítorí àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, pé kí wọ́n sọ ọ́ létí ìjọ. Lọ́wọ́ àwọn tí ń yáni ní tirélà, ìwé kan ni mo ń béèrè: irú ilẹ̀ tí ó wà lórí rẹ̀, iye tí ó gbà nínú ìdánwò nígbà tí ó tutù, àti ọjọ́ tí wọ́n tún un ṣe kẹ́yìn. Ẹni tí ó bá fẹ́ yá tirélà ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ń bọ̀ kò sì ní láti dúró de ẹnikẹ́ni: kí ó béèrè ìwé náà, kí ó da ife omi kan sí ojú ọ̀nà ẹsẹ̀, kí ó di irin mú, kí ó sì fi bàtà iṣẹ́ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lójú ẹni tí ó ni ín kí ó tó san owó.