Ta Ni Yóò Bá Wa Fi Orúkọ Wa Sínú Ìwé Náà?



Ní ìpàdé tó kọjá, a dábàá pé kí gbogbo wa forúkọ sílẹ̀ láti fi mùdùnmúdùn eegun ran àwọn tí jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, èyíinì leukemia, ń bá jà lọ́wọ́. Ẹ̀rín ni ọ̀pọ̀ fi gbá a dànù. Ẹnì kan ní òun kò wá láti Ìbàdàn dé Houston kí wọ́n lè fa ẹ̀jẹ̀ òun. Àwa náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kọjá ẹ̀rín.

Inú mùdùnmúdùn eegun ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Bí àrùn bá ba ibẹ̀ jẹ́, àwọn dókítà lè fi oògùn líle pa èyí tó bàjẹ́ run, kí wọ́n sì fi ti ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Wọ́n ń ṣe é ní MD Anderson, nílùú wa níhìn-ín. Ṣùgbọ́n àmì ara tí a jogún lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá gbọ́dọ̀ bára mu. Nínú ọmọ ìyá mẹ́rin, ó lè jẹ́ ẹyọ kan ni yóò bá aláìsàn mu. Bí kò bá sí nínú ẹbí, ìwé orúkọ àwọn olùtọrẹ ló kù. Àwọn NMDP tí ń tọ́jú ìwé náà ní Amẹ́ríkà ní, nínú 100 aláìsàn aláwọ̀ funfun, 79 ni yóò rí ẹni tó bá wọn mu. Nínú 100 aláwọ̀ dúdú, 29 péré.

Ṣé òyìnbó ni yóò wá bá wa kọ orúkọ wa síbẹ̀?

Ẹ rántí Ṣeun Adébíyì, ọmọ Nàìjíríà tó kàwé òfin ní Yale. Àìsàn yìí mú un ní 2009. Ẹ̀jẹ̀ inú ìwọ́ ọmọ tuntun, tí obìnrin Nàìjíríà kan fi tọrẹ, ni wọ́n fi tọ́jú rẹ̀. Ní 2012, irú ìwé orúkọ yìí bẹ̀rẹ̀ ní Ẹnúgu nípasẹ̀ rẹ̀.

Ẹni ọdún 18 sí 40 lè forúkọ sílẹ̀. Òwú tí a fi nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti tó. Bí wọ́n bá peni, apá ni wọ́n sábà máa ń gbà á, bí ìgbà tí a ń fa ẹ̀jẹ̀. Ara a sì dá òmíràn padà.

Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ pé òun yóò sá, kó má forúkọ sílẹ̀ rárá. Bí wọ́n bá ti pa mùdùnmúdùn aláìsàn run, tí olùtọrẹ wá yẹhùn, ikú ló fi lé e lọ́wọ́.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. A óò tún mú ọ̀rọ̀ yìí wá ní ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ẹ̀rín gbá a dànù mọ́.