Túbà Kì Í Ṣe Fèrè Ọ̀lẹ

Nínú ẹgbẹ́ afọnfèrè ilé ẹ̀kọ́, tìrọ́ńpẹ́ẹ̀tì ni gbogbo wa ń dù. Wọ́n ní ẹni tí kò mọ fèrè fọn ni kí a gbé túbà fún. Èmi kò gbà! Bí túbà bá jẹ́ ohun yẹpẹrẹ, kí ló dé tí àwọn ará Yúróòpù fi wá irú rẹ̀ fún nǹkan bí 200 ọdún?

Serpent ni wọ́n kọ́kọ́ ń fọn ní ilẹ̀ Faransé: igi tí wọ́n fi awọ wé, tó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí ejò. Ìka ni wọ́n fi ń dí ihò rẹ̀, ohùn rẹ̀ kì í sì í dọ́gba. Ní 1821, Halary gba ìwé àṣẹ lórí ophicleide, fèrè idẹ tí ọmọrí kéékèèké ń dí ihò rẹ̀. Ní 1835, Wieprecht àti Moritz gba ti túbà ní Berlin. Fáàfù márùn-ún ló ní. Fáàfù ló ń darí afẹ́fẹ́ gba ọ̀nà tó túbọ̀ gùn. Bí ọ̀nà bá ṣe gùn tó, bẹ́ẹ̀ ni ohùn ń lọ sílẹ̀ tó.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹni tí etí rẹ̀ mú, tí èémí rẹ̀ sì gùn, ni kí ẹ gbé túbà fún. Ilé tí kò ní ìpìlẹ̀ kì í dúró; bẹ́ẹ̀ náà ni orin.