Òrùlé tí ẹ̀rọ rí, ìyá tí ẹ̀rọ kò rí



Àwọn òbí kan bi wá léèrè pé kí ni ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà tí ọmọ àwọn fẹ́ lọ kọ́ ní Lomé yóò ṣe fún tálákà. Ìdáhùn wà ní ilẹ̀ Tógò wa níhìn-ín.

Ní oṣù kẹrin 2020, nígbà tí àrùn kòrónà dá ọjà àti ìrìn-àjò dúró, ìjọba dá ètò Novissi sílẹ̀. Ní Lomé àti agbègbè rẹ̀, obìnrin tí orúkọ rẹ̀ wọlé ń gba 12,250 fráǹkì lóṣù, ọkùnrin ń gba 10,500, lórí tẹlifóònù. Ṣùgbọ́n báwo ni a ó ṣe mọ ẹni tí ó tòṣì jù ní ìgbèríko, nígbà tí kò sí ìwé tí a kọ orúkọ gbogbo ìdílé sí?

Joshua Blumenstock, olùkọ́ ní Yunifásítì Kalifọ́níà ní Berkeley, ní Amẹ́ríkà, ti ń wá irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ní 2015, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn láti Rùwáńdà pé bí ènìyàn ṣe ń lo tẹlifóònù lè fi hàn bóyá ó rí jẹ tàbí kò rí jẹ. Fún Tógò, wọ́n kó àwòrán tí sátẹ́láìtì yà láti òkè, wọ́n sì kọ́ kọ̀ǹpútà láti wo irú nǹkan bí òrùlé àti ọ̀nà. Báyìí ni wọ́n ṣe yan 100 kántọ̀ọ̀nù tí ó tòṣì jù nínú 397. Lẹ́yìn náà, ìṣirò orí tẹlifóònù ni wọ́n fi yan àwọn ènìyàn inú wọn.

Ní 2022, wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Nature. Tálákà tí ọ̀nà yìí gbàgbé kéré ju ti ìgbà tí a bá fi agbègbè nìkan yàn. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó gbàgbé pọ̀ ju ti ìgbà tí a bá ní ìwé orúkọ gbogbo ìdílé.

Ẹ wò ó, ará. Nígbà náà, ẹni tí kò ní nọ́ńbà tẹlifóònù tàbí káàdì ìdìbò kò lè wọlé rárá. Òrùlé ìyá opó hàn láti òkè. Ebi tí ń pa á lábẹ́ rẹ̀ kò hàn. Olùkọ́ náà ti ṣe tirẹ̀. Tiwa ni ó kù.

Olùṣọ́ àgùntàn rere, gẹ́gẹ́ bí Jòhánù Mímọ́ ti kọ ọ́ ní orí kẹwàá, a máa fi orúkọ pe àwọn àgùntàn rẹ̀. Ní Glei, ta ni nínú wa tí kò mọ ààrò aládùúgbò tí kò rú èéfín láti àná? Kí ó tó di ọjọ́ Ìsinmi, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan mú orúkọ àgbàlagbà kan wá fún wa, ẹni tí kò ní ìwé, tí kò sì ní tẹlifóònù. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ó bá wọn lọ gba ìwé náà.

Ọmọ tí ó fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí ó lọ. Ṣùgbọ́n kí ó tó lọ, kí ó mọ orúkọ ìyá àgbà tí ń gbé ẹ̀yìnkùlé yín.

Kí Olúwa bùkún ilé yín.