Wọ́n Ti Tún Un Ṣe, Àmọ́ Ṣé Ó Ti Dé Orí Fóònù Yín?

Tí ẹ bá gbọ́ "kernel", ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín. Òun ni ìpìlẹ̀ tí gbogbo nǹkan tó kù lórí fóònù dúró lé. Òun ló ń pín mẹ́mọ́rì fún app kọ̀ọ̀kan, òun náà ló ń gbà á padà tí app bá lò ó tán. Lórí fóònù Android, Linux ni kernel ọ̀hún.

Ibi pínpín àti gbígbà padà yìí ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ní ẹnì kan háyà ṣọ́ọ̀bù ní ọjà Mọ́níyà, ní Akínyẹlé níbí. Ó kó jáde, onílé gbé ṣọ́ọ̀bù fún ẹlòmíì, àmọ́ kò gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́. Ẹni tó ti lọ lè padà wọlé lóru, kó kó ọjà ọlọ́jà, tàbí kó fi ayédèrú rọ́pò rẹ̀. Irú àṣìṣe yìí ni wọ́n ń pè ní use-after-free. Tó bá wà nínú kernel, ẹni tó mọ̀ ọ́n lò lè di ọ̀gá lórí gbogbo fóònù.

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2017, syzkaller, ètò kọ̀ǹpútà tó ń wá àṣìṣe kiri, rí ọ̀kan nínú Binder, apá kernel tí àwọn app Android fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Oṣù kejì ọdún 2018, wọ́n ti tún un ṣe nínú Linux. Ọ̀rọ̀ tán, àbí? Rárá o! Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, Maddie Stone ti Google rí i pé àṣìṣe yẹn ṣì wà lórí Pixel 2, Samsung S8, Xiaomi Redmi 5A àti àwọn míì, àmì sì wà pé àwọn kan ti ń fi jalè wọ fóònù èèyàn. Oṣù kẹwàá ni Android ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àtúnṣe jáde. Oṣù 20 gbáko!

Ìdí nìyí tí mo fi ní kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kọ kernel ni ìṣòro wa wà. Ọkọ́ tí alágbẹ̀dẹ ti rọ, tí kò dé oko, kò lè kọ ebè. Àwọn kan á ní Rust, èdè kọ̀ǹpútà tí kì í sábà gba irú àṣìṣe yìí láyè, ti wọ Linux láti oṣù kejìlá ọdún 2022. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ Rust ò lè ran fóònù tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ti pa tì lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ owó ẹ̀gẹ́ àti owó iléèwé wà nínú app báǹkì lórí irú fóònù yẹn.

Ní Ìlú Ọba, láti ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún 2024, òfin ti sọ ọ́ di dandan kí ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe fóònù sọ ìgbà tí àtúnṣe ààbò yóò dópin. Àjọ NCC ló ń fọwọ́ sí fóònù kó tó wọ ọjà ní Nàìjíríà. Kí wọ́n fi èyí kún un: kí ọjọ́ náà hàn gbangba lára páálí.

Kó tó dìgbà yẹn, ẹ wọ Settings, ẹ lọ sí About phone, ẹ wo Android security update, pàápàá tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lẹ fẹ́ rà. Tí ọjọ́ ibẹ̀ bá ti lé lọ́dún kan, ẹ má torí pé ó pọ́ọ́kú rà á. Ẹ bá màmá àti bàbá yín wo tiwọn náà. Dátà wọ́n lóòótọ́, àmọ́ owó inú báǹkì wọ́n jù ú lọ.