Ọ̀RỌ̀ ILÉ: Ọmọ Tí Ń Fi Ìrora Pamọ́

Ìwé kan tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ ìyá kan ní Ìbàdàn. Ọmọkùnrin rẹ̀, ẹni ọdún 15, ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ìyá náà wí pé: “Nígbà tí ó wà ní kékeré, bí egungun bá ń dùn ún, èmi ni yóò ké pè. Nísinsìnyí, yóò ti ilẹ̀kùn, yóò sì fi aṣọ di ẹnu. Abẹ́ ẹní ni mo ti bá oògùn rẹ̀. Kí ni mo fi ṣẹ̀ ẹ́?”

Ìyá, ẹ kò ṣẹ̀ ẹ́ rárá. Ẹni tí ó ń di ọkùnrin kò fẹ́ kí a máa wo òun bí ẹyin tí a gbé lé orí àpáta. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó bá a wí, ẹ mọ ohun tí ó ń bá a jà. Ẹ̀jẹ̀ pupa ẹni tí ara rẹ̀ dá a máa lo nǹkan bí 120 ọjọ́. Tirẹ̀ kì í sábà kọjá 10 sí 20 ọjọ́. Ó a sì máa tẹ̀ bí dòjé, a máa dí ojú iṣan. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò bá sì dé ni ìrora ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìtìjú wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ a máa pẹ́ kí ó tó bàlágà. Ohùn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti di ohùn àgbà, òun sì dà bí ọmọ ọdún 12. Yóò bàlágà, yóò kàn pẹ́ díẹ̀ ni. Ẹ sọ èyí fún un, nítorí kò sí ẹni tí yóò sọ ọ́ fún un ní pápá bọ́ọ̀lù. Ẹ̀wẹ̀, kíndìnrín rẹ̀ kò lè dá omi dúró bí ti ẹlòmíràn. Nítorí náà ìtọ̀ rẹ̀ pọ̀, ó sì lè máa tọ̀ sórí ẹní títí di òní. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ọmọ tí ojú ń tì láti máa tọrọ àyè jáde ní kíláàsì yóò kọ omi mímu sílẹ̀, omi tí ó kọ̀ náà ni yóò sì di ìrora rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ó yẹ kí bàbá rẹ̀ bá a sọ ní kọ̀rọ̀. Bí nǹkan ọkùnrin rẹ̀ bá le pẹ̀lú ìrora tí kò sì rọ̀, kí ó má ṣe fi ìtìjú dákẹ́. Kí ó tó pé wákàtí mẹ́rin, kí ẹ ti gbé e dé ilé ìwòsàn. Bákan náà ni ibà gbígbóná, àyà dídùn pẹ̀lú èémí kúkúrú, tàbí apá kan ara tí ó rọ lójijì. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe àfipamọ́.

Ní ti oògùn, ẹ dẹ́kun fífi í sí i lẹ́nu. Ẹ gbé e lé e lọ́wọ́: fólíìkì ásíìdì, Paludrine tí ń dènà ibà, àti hydroxyurea bí dókítà bá kọ ọ́ fún un. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí kì í mú àrùn náà kúrò, ṣùgbọ́n a máa dín iye ìgbà tí ìrora ń dé kù.

Ẹ wí pé ìyá ọkọ yín ń pè é ní àbíkú. Ẹ fi pẹ̀lẹ́ là á yé màmá pé bí bàbá bá jẹ́ AS tí ìyá sì jẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà kan nínú mẹ́rin ni pé kí ọmọ jẹ́ SS. Kò sí àjẹ́ níbẹ̀. Kí àwọn àbúrò rẹ̀ náà lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò.

Ẹ bi wá léèrè bí irú rẹ̀ lè kàwé jìnnà. Ẹni àkọ́kọ́ tí a kọ àrùn yìí nípa rẹ̀ nínú ìwé ìṣègùn àwọn Òyìnbó, ní ọdún 1910, akẹ́kọ̀ọ́ ni: Walter Clement Noel, ọmọ Grenada, tí ń kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú eyín ní Chicago. Ó parí ẹ̀kọ́ náà, ó padà sílé, ó sì ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ títí ó fi kú ní ọdún 1916. Ọwọ́ rẹ̀ kò sì tó ọ̀kankan nínú àwọn oògùn tí a dárúkọ lókè yìí.

Bọ́ọ̀lù ńkọ́? Kí ó gbá a. Kí ó mu omi kí ó tó wọ pápá, kí ó sinmi kí ó tó rẹ̀ ẹ́ pátápátá, kí ó má sì ṣe bọ́ sínú odò tútù lẹ́yìn náà. Ìwé sí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, pé kí wọ́n jẹ́ kí ó máa gbé omi wọ kíláàsì kí ó sì máa jáde nígbà tí ó bá fẹ́, ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́. Ẹ̀yin kàn fọwọ́ sí i nísàlẹ̀.