Ọwọ́ géèjì kì í ṣe ẹlẹ́rìí

Èyí kì í ṣe ìwàásù. Mo mọ̀ pé bí mo ṣe dárúkọ epo báyìí, ẹnìkan ti ń ṣí Mátíù orí 25, ó ń wá àwọn wúńdíá mẹ́wàá. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ ná. Epo mọ́tò ni mò ń sọ, àti ọkùnrin kan tí a tìtorí epo bà lórúkọ jẹ́. Èmi gan-an wà níbẹ̀, mo sì bá wọn fọwọ́ sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ bọ́ọ̀sì ìjọ mọ ẹni tí mò ń wí, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ọdún mẹ́fà ló fi wa bọ́ọ̀sì yẹn. Lọ́jọ́ kan akápò wá bá mi ní ọ́fíìsì: "Dádì, ọ̀rọ̀ epo yìí ò yé mi mọ́." Ó ní a rọ epo kún táǹkì dẹ́nu ní ọjọ́ Ẹtì. Ní Sátidé bọ́ọ̀sì lọ Ìbàdàn láti Èkó, ó sì padà, kìlómítà bíi 130 ní àlọ nìkan, ọwọ́ géèjì ṣì wà lókè ìdajì díẹ̀. Láti Sunday sí Wednesday, tí kò kọjá ilé sí ṣọ́ọ̀ṣì, ṣọ́ọ̀ṣì sí ilé, iná epo ti tàn. Ìdajì gbé wa lọ Ìbàdàn, ó gbé wa bọ̀. Ìdajì yòókù tán sí àdúgbò. Ta ló jẹ ẹ́?

Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ yẹn dà bí òótọ́. Bí wọ́n bá bi ẹ̀yin náà, ohun tí a sọ lẹ ó sọ. A pe dírẹ́bà, ó búra, a ò gbà. Ẹnìkan ní òun ti rí rọ́bà tí wọ́n fi ń fa epo lẹ́yìn ìjókòó rẹ̀. (Rọ́bà tí wọ́n fi ń fọ mọ́tò ni, a padà rí i.) A ní kó lọ sinmi ná. Ẹ̀yin àgbà ìjọ mọ ohun tí "lọ sinmi ná" túmọ̀ sí.

Dírẹ́bà tuntun dé. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ohun kan náà tún ṣẹlẹ̀. Ìgbà yẹn ni ara mi bù máṣọ.

Mo gbé bọ́ọ̀sì lọ bá rewáyà. Ó tú ohun tó wà nínú táǹkì jáde, ó fi hàn mí. Nǹkan kan ń léfòó lórí epo bí igbá ṣe ń léfòó lórí omi, fúlótì ni wọ́n ń pè é. Ó so mọ́ apá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Bí epo bá ń lọ sílẹ̀, fúlótì á bá a lọ sílẹ̀, apá irin yẹn á sì máa fara ha àwo kékeré kan tí iná ń gbà kọjá. Ibi tó bá dúró sí lórí àwo náà ló ń sọ bí iná tó ń lọ sí dáṣíbọ́ọ̀dù ṣe máa pọ̀ tó, iná yẹn ló sì ń gbé ọwọ́ géèjì. Ṣé ẹ rí i? Géèjì ò rí epo. Ohun tí fúlótì bá ní kó sọ ló ń sọ.

Bí táǹkì bá sì kún dẹ́nu, fúlótì ti forí kan òkè, kò ríbi lọ mọ́. Ẹ lè jó lítà mélòó kan kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Táǹkì náà kì í ṣe àpótí, àwọn ibìkan fẹ̀ níbẹ̀, àwọn ibìkan fún. Ẹ wá ro àwo tí irin ti ń ha fún ogún ọdún mọ́ ọn. Ẹ tún gun òkè, kí epo ṣàn sẹ́yìn, ọwọ́ géèjì á yí ohùn padà.

Mi ò fi mọ síbẹ̀. Táǹkì bọ́ọ̀sì wa ń gba lítà 70. A jẹ́ kí epo inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, a wá ń fi kẹ́ẹ̀gì rọ ọ́ ní lítà mẹ́wàá mẹ́wàá lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ní lítà 10, ọwọ́ géèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí E. Ní 20 ó ti kọjá ìdá kan nínú mẹ́rin. Ní 30 ó ti kọjá ìdajì! Ní 50 ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé F, ní 60 ó dé F, ní 70 kò kúrò níbẹ̀. Ìyẹn ni pé láti F dé ìdajì, lítà bíi 42 ni. Láti ìdajì dé E, kò ju bíi 23 lọ. "Ìdajì" tó gbé wa lọ Ìbàdàn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì "ìdajì" tó tán sí àdúgbò, ìyẹn ká má tíì sọ ti sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ tí ẹ̀ńjìnnì fi ń jó lójú kan.

Ẹ̀yin tí ọkọ̀ yín ń kọ nọ́ńbà, tó ń sọ iye ibi tí epo máa gbé yín dé, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yín yàtọ̀. Fúlótì kan náà ló ń bi. Ó ń wo bí ẹ ṣe jó epo láìpẹ́ yìí, á fi ṣírò èyí tó rò pé ó kù. Nítorí náà, bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà márosẹ̀, nọ́ńbà á tóbi. Ẹ wá kó sínú hóòdù-ọ́ọ̀pù pẹ̀lú éèsì, ẹ lè má rìn ju kìlómítà márùn-ún lọ, kí nọ́ńbà já wálẹ̀ bí ogún. Bí ẹ bá ra epo díẹ̀ tí ẹ ò pa ẹ̀ńjìnnì, àwọn ọkọ̀ mìíràn ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ẹ ra nǹkan kan. Tèmi wá láti Amẹ́ríkà, máìlì ló ń kọ. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń kà á bíi kìlómítà, mo sì ń yangàn pé mọ́tò mi máa ń ṣe ju bó ṣe sọ lọ.

Kí ló dé tí mo fi ń da ara mi láàmú? Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023, ta ló ń rọ epo kún táǹkì láàárín wa mọ́? Epo ẹgbẹ̀rún márùn-ún, epo ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Ìsàlẹ̀ géèjì ni gbogbo wa ń gbé, ibẹ̀ gan-an sì ni ọwọ́ rẹ̀ ti ń sáré jù. Ìjà ti ń bá a wá. Ọkọ kan kó ìyàwó rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì mi: ó ní nígbà tó jáde nọ́ńbà wà ní 60, ó dé pẹ̀lú 31, ọjà tó lọ ò sì jìnnà. Ó ń bi í pé ọ̀dọ̀ ta ló yà sí. Nítorí fúlótì!

Ẹ ṣe báyìí. Ẹ rọ epo kún, ẹ sọ trip di òdo. Ẹ máa lò ó. Nígbà tí ẹ bá tún rọ ọ́ kún, ní ilé epo kan náà bó bá ṣeé ṣe, ẹ fi iye lítà tó wọlé pín iye kìlómítà tí ẹ rìn. Bí ẹ bá rìn 240 tí lítà 30 wọlé, 8 ni lítà kan gbé yín. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó sọ pé ẹ mọ̀ ọ́n. Owó kíkún ẹ̀ẹ̀kan yẹn á dun yín, mo mọ̀. Bí ọwọ́ géèjì bá sì ti dé ìdá kan nínú mẹ́rin, ẹ ra epo. Páàmpù inú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wà nínú táǹkì, epo tó yí i ká ló ń mú un tutù.

Ẹ̀rí "epo tán, mọ́tò ṣì ń rìn" tí a máa ń jẹ́ lórí pẹpẹ, mo ti pàtẹ́wọ́ fún un rí. Nísinsìnyí mo máa kọ́kọ́ béèrè iye lítà tó ṣẹ́kù lábẹ́ E.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, èmi àti akápò lọ sílé dírẹ́bà wa. Kórópè ló ń wà báyìí. Ìyàwó rẹ̀ gbé omi fún wa, kò jókòó tì wá. Mo fi ìwé tí mo kọ nọ́ńbà lítà sí han bàbá náà, mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú, àwa la ṣàṣìṣe." Ó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ó ní, "Pásítọ̀, mo ti gbọ́. Ẹ bá mi sọ ọ́ fún àwọn tó gbọ́ ti tẹ́lẹ̀."

Ìdí tí mo fi kọ ọ́ síbí nìyẹn. Kò tíì sọ pé òun máa padà, mi ò sì bi í. Ẹ̀yin tí ẹ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lórí WhatsApp ìjọ nígbà yẹn, tí ẹ ń ya àwòrán kẹ́ẹ̀gì ránṣẹ́, nọ́ńbà rẹ̀ ò yí padà.