Nọ́ńbà tó wà lára lẹ́tà olówó pọ́ọ́kú kì í ṣe ẹ̀rí pé ọjà dé

Ẹni tó bá ń ta ọjà wẹ́wẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní Amẹ́ríkà mọ ìṣirò yìí dáadáa. Ó ta káàdì alàwòrán eléré ìdárayá kan ní dọ́là mẹ́ta. Bó bá gbé e lọ sí póòsì pé kí wọ́n bá òun fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi pákéètì, owó tí wọ́n máa gbà ní káńtà ju dọ́là mẹ́rin lọ. Owó ìfiránṣẹ́ ti ju owó ọjà lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bó bá fi sínú àpòòwé tó sì lẹ sítáǹpù mọ́ ọn, kò ní í ná tó dọ́là kan. Ní oṣù Keje, ọdún 2025, sẹ́ǹtì 78 ni owó sítáǹpù lẹ́tà dà níbẹ̀. Ìdí rèé tí àwọn tó ń ta káàdì, owó ẹyọ àtijọ́, sítáǹpù àtijọ́ àtàwọn nǹkan pẹlẹbẹ mìíràn kò fi lè ṣe é kí wọ́n má lo lẹ́tà.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé lẹ́tà lásán kò ní nọ́ńbà tí wọ́n lè fi tọpa rẹ̀. Oníbàárà á ní òun ò rí nǹkan kan gbà, ọlọ́jà ò sì ní ohun tó máa fi hàn. Wọ́n á dá owó oníbàárà padà, ọjà ti lọ, bóyá oníbàárà á tún kọ ọ̀rọ̀ burúkú sí abẹ́ orúkọ ọlọ́jà kí gbogbo ayé lè kà á.

Ní oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2021, eBay gbé ètò kan jáde tí wọ́n pè ní eBay Standard Envelope. Káàdì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n fi owó ẹyọ, sítáǹpù àti póòsìkáàdì kún un. Àpòòwé náà kò gbọ́dọ̀ wúwo ju áúǹsì mẹ́ta lọ, ìyẹn nǹkan bíi gíráàmù 85. Kò gbọ́dọ̀ nípọn ju ìdá kan nínú mẹ́rin ínṣì lọ. Ọjà kan nínú rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ ju 20 dọ́là lọ. Owó lẹ́tà ni wọ́n ń gbà, síbẹ̀ nọ́ńbà ìtọpa wà lára rẹ̀, ìdójútòfò kékeré sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Inú àwọn ọlọ́jà dùn, ó sì yẹ kó dùn. Àfi bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé lẹ́tà á ti dé ọwọ́ oníbàárà, nọ́ńbà á ṣì máa sọ pé kò tíì kúrò nílé. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, nọ́ńbà á ní ó ti dé, oníbàárà á búra pé òun ò rí i.

Kì í ṣe pé ẹnì kan sùn lẹ́nu iṣẹ́. Bí iṣẹ́ náà ṣe rí láti ìpìlẹ̀ ni. Bí pákéètì bá dé ẹnu ọ̀nà, ẹni tó gbé e wá máa ń fi ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀ ka báákóòdù ara rẹ̀, àkókò tó gbé e kalẹ̀ á sì wọlé lójú ẹsẹ̀. Wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún lẹ́tà. Báákóòdù ti lẹ́tà, tí póòsì Amẹ́ríkà ń pè ní Intelligent Mail, jẹ́ ìlà wẹ́wẹ́ 65 tó tò sára wọn. Àwọn ẹ̀rọ ńláńlá tó ń ṣa lẹ́tà ló ń kà á, nígbà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún àpòòwé bá ń sáré kọjá níwájú wọn láàárín wákàtí kan. Ẹ̀rọ tó kẹ́yìn ni èyí tó ń to lẹ́tà bí ilé ṣe tẹ̀ léra wọn ládùúgbò fún ẹni tó máa pín in. Ibẹ̀ ni kíkà parí sí. Bí ojú kọ̀ǹpútà bá wá kọ ọ́ pé lẹ́tà ti dé, àbá ni wọ́n dá, pé níwọ̀n ìgbà tó ti kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ, ó yẹ kó ti délé. Kò sẹ́ni tó rí i níbi tó ti wọ inú àpótí lẹ́tà.

Ibì kan tún wà tó dunni jù. Ọlọ́jà tó fẹ́ràn oníbàárà rẹ̀ máa ń ki káàdì bọ inú ike líle kó má bàa ká. Ike yẹn gan-an ni ẹ̀rọ ò fẹ́. Àpòòwé tó bá le, tàbí tó rí gúlegùle, kò lè tẹ̀ gba inú ẹ̀rọ kọjá. Wọ́n á yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọwọ́ ni wọ́n á fi ṣà á. Lẹ́tà tí wọ́n bá fi ọwọ́ ṣà kò bá ẹ̀rọ kankan pàdé, nọ́ńbà rẹ̀ á sì dákẹ́ títí tó fi máa délé. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó di ọjà rẹ̀ dáadáa jù ṣe wá di ẹni tí ẹ̀rí rẹ̀ kéré jù.

Síbẹ̀, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni torí èyí pa lẹ́tà tì. Ká ní ọlọ́jà fi ọgọ́rùn-ún káàdì olówó dọ́là mẹ́ta ránṣẹ́. Bó bá fi lẹ́tà ṣe é dípò pákéètì, ó máa jèrè ohun tó lé ní 300 dọ́là lórí owó ìfiránṣẹ́. Bí márùn-ún bá sọnù nínú wọn, dọ́là 15 ló dá padà. Èrè ṣì wà níbẹ̀ dáadáa. Ẹni tó bá mọ̀ bẹ́ẹ̀ á ti ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ fún èyí tó máa sọnù, á sì ti sọ fún oníbàárà kó tó sanwó pé lẹ́tà ni, pé nọ́ńbà rẹ̀ lè dákẹ́. Ọjà tí ọlọ́jà ò bá lè fara da àdánù rẹ̀, pákéètì ni kó bá lọ.

Ohun tí kò tọ́ ni kí ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì máa fi orúkọ ìtọpa ta nǹkan tí kì í ṣe ìtọpa, kí àìríran ẹ̀rọ wá di ẹ̀sùn lọ́rùn ẹni tó ń tajà. Ká ní ibi tí wọ́n kọ “ó ti dé” sí, “ẹ̀rọ rí i kẹ́yìn ní ìlú báyìí, ní ọjọ́ báyìí” ni wọ́n kọ, ọ̀pọ̀ ìjà ì bá má ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà lásán nìyẹn, kò ná wọn ní nǹkan kan.

Ẹni tó jókòó sí Ìbàdàn tàbí Kútọnu tó ń ra ẹrù kéékèèké láti òkè òkun, tàbí tó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ránṣẹ́ síbẹ̀, má rò pé ọ̀rọ̀ yìí ò kan òun. Nọ́ńbà ẹrù póòsì tó ń ti orílẹ̀-èdè kan lọ sí òmíràn máa ń ní lẹ́tà méjì, nọ́ńbà mẹ́sàn-án, àti lẹ́tà méjì tó ń sọ ibi tó ti wá: NG fún Nàìjíríà, BJ fún Bẹ̀nẹ̀, TG fún Tógò, CN fún Ṣáínà. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ni kí oníṣòwò kọ́kọ́ wò. Bó bá jẹ́ R, wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní póòsì. Bó bá jẹ́ L, wọ́n ṣèlérí láti tọpa rẹ̀. U ló ń tan èèyàn jẹ. Wọ́n fi báákóòdù sí i kí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù lè mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ni, ìtọpa ò sí nínú àdéhùn rẹ̀. Ẹni tó bá sanwó ìtọpa fún ọlọ́jà òkèèrè, tí nọ́ńbà tí wọ́n fún un wá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú U, kó ti béèrè owó rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kó má dúró di ìgbà tí ẹrù bá sọnù.